Ẹsẹ̀ Iwájú Jíìpù Wa: Bí A Ṣe Ń Tún Họ́ọ̀bù àti Bíárìn Ṣe

(Ọ̀rọ̀ tí àwa ẹ̀ka oníṣẹ́ ọkọ̀ àti awakọ̀ bá ẹgbẹ́ sọ níbi ìpàdé ọdọọdún, ní ìlú Jos)

  

Iṣẹ́ ọwọ́ wa ni a fẹ́ bá yín sọ lónìí, àwa tí ọwọ́ wa kì í mọ́ bọ̀rọ̀. A mọ̀ pé ẹlòmíràn yóò máa rò ó nínú ara rẹ̀ pé, kí ni ọ̀rọ̀ mẹkáníìkì kan ẹni tí kò ní mọ́tò? Ẹni tí kò ní mọ́tò ń wọ mọ́tò. Ìyá tó ń lọ ra pòtétò ní Mangu tàbí Bokkos, jíìpù ló máa ń gbé òun àti àpò rẹ̀ jáde nínú ọ̀nà oko. Bí a bá ń lọ sílé ṣọdún, tàbí tí a ń lọ sin òbí, ọkọ̀ àwọn tó ní láàrin wa ni a jọ ń wọ̀. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ gbogbo wa ni.

Nínú gbogbo ohun tó wà lára ọkọ̀, họ́ọ̀bù iwájú jíìpù fọ́ọ̀-wíìlì ni a mú lónìí. Ìdí mẹ́ta ni a fi mú un. Èkíní, bí ẹ́ńjìnnì bá kú, ọkọ̀ yóò dúró. Bí họ́ọ̀bù bá kú lórí eré, taya lè yọ, ọkọ̀ kò sì ní dúró síbi tí awakọ̀ fẹ́. Èkejì, ojú kò rí i. Àwọn Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní 1988 lè yẹ taya wò, wọ́n lè yẹ iná àti ìwé ọkọ̀ wò, ṣùgbọ́n kò sí bí wọn yóò ṣe rí inú họ́ọ̀bù ní ẹ̀bá títì. Ẹ̀kẹta, ohun tí yóò gbà á là kò pọ̀: gíríìsì tó dára, síìlì tuntun, ìmọ́tótó, àti àkókò. Àkókò yẹn gan-an ni a kì í fẹ́ fún un, ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ wa dá lé.

Ibi tí a ń gbé tún dá kún un. Jos ga tó bí 1,200 mítà sí ojú òkun. Ẹni tó bá ń ti ibí lọ sí Akwanga, kó tó kọjú sí Lọ́kọ́ja àti ilẹ̀ wa, yóò sọ̀ kalẹ̀ ní Hawan Kibo. Gbogbo yín ni ẹ mọ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ yẹn. Awakọ̀ tó bá ń fi búréèkì nìkan sọ̀ kalẹ̀ níbẹ̀, iná ni díísìkì búréèkì rẹ̀ yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ máa ràn, ara họ́ọ̀bù sì ni díísìkì wà. Ooru yẹn á wọlé tọ bíárìn, gíríìsì tí kò dára á yọ́. Nígbà òjò ẹ̀wẹ̀, ọkọ̀ ń wọ odò àti ẹrẹ̀ inú oko. Nígbà ọyẹ́, eruku pupa ni. Omi, eruku, ooru: àwọn ọ̀tá bíárìn ni wọ́n, gbogbo wọn ló sì wà ní Plateau.

OHUN TÓ WÀ NÍNÚ HỌ́Ọ̀BÙ

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ mọ ohun tí a ń sọ. Họ́ọ̀bù ni irin róbótó tó wà láàrin taya, òun ni a fi nọ́ọ̀tì de ríìmù mọ́. Lára Land Cruiser àtijọ́ tí púpọ̀ nínú wa ń wà, ìyẹn irú 70 tó jáde ní 1984 tí wọ́n ṣì ń ṣe títí di òní, àti irú 80 tó jáde ní 1990, họ́ọ̀bù iwájú ń yí lórí ọ̀pá irin kan tí òun fúnra rẹ̀ kì í yí. Bíárìn méjì ló gbé họ́ọ̀bù dúró lórí ọ̀pá náà, ọ̀kan lápá inú, ọ̀kan lápá òde. Bíárìn kọ̀ọ̀kan ní kọ́ọ̀pù tirẹ̀, òrùka irin dídán tí a lù mọ́ inú họ́ọ̀bù. Ní ìdí bíárìn inú ni síìlì wà, rọ́bà tí kì í jẹ́ kí gíríìsì jáde, tí kì í sì í jẹ́ kí omi wọlé. Lápá òde ni nọ́ọ̀tì ńlá méjì wà, pẹ̀lú wáṣà pẹlẹbẹ láàrin wọn. Nọ́ọ̀tì ti inú ni a fi ń wọn bí bíárìn yóò ṣe le tó. Nọ́ọ̀tì ti òde ni a fi ń tì í pa kó má bàa tú.

Irú bíárìn yìí kì í ṣe oníbọ́ọ̀lù bíi ti kẹ̀kẹ́. Irin wẹ́wẹ́ ló tò yí i ká, orí kan nípọn ju orí kejì lọ. Ọ̀gbẹ́ni Henry Timken ní Amẹ́ríkà gba ìwé àṣẹ lórí irú rẹ̀ ní 1898, nígbà tí ẹṣin ṣì ń fa kẹ̀kẹ́ ẹrù. Ọgbọ́n inú rẹ̀ ni pé ó lè ru ìwúwo ọkọ̀ láti òkè, ó sì tún lè gba agbára tó ń tì í láti ẹ̀gbẹ́ nígbà tí ọkọ̀ bá ń gba kọ́nà. Ṣùgbọ́n ó ní ohun tó ń béèrè: ó fẹ́ ìwọ̀n. Bí a bá de é le jù, yóò gbóná, gíríìsì yóò jóná, irin yóò di aláwọ̀ búlúù, ó sì lè lẹ̀ mọ́ ọ̀pá. Bí a bá de é dẹ̀ jù, taya yóò máa mì, nọ́ọ̀tì yóò máa jẹ okùn ara ọ̀pá díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi bàjẹ́. Àwọn àgbà ní ìwọ̀n tuwọ̀n sì loògùn ayé. Bíárìn gan-an gbà pẹ̀lú wọn.

A ní láti sọ èyí kún un: kì í ṣe gbogbo jíìpù ló rí báyìí. Hilux tó jáde láti 2005 wá, bíárìn iwájú rẹ̀ jẹ́ odidi kan tí wọ́n ti di gíríìsì pa mọ́ láti ilé-iṣẹ́. A kì í ṣí irú ìyẹn fọ̀. Bó bá ti ń dún, pípààrọ̀ ni, ẹ̀rọ tó ń fi agbára tẹ irin ni a sì fi ń ṣe é, kì í ṣe òòlù. Ẹni tó bá sọ fún yín pé òun fẹ́ fi gíríìsì kún un, ẹ rọra gba kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ yín lọ́wọ́ rẹ̀.

BÍ Ó ṢE Ń RÁNṢẸ́

Ó ṣọ̀wọ́n kí họ́ọ̀bù bàjẹ́ lójijì. Ó máa ń kọ́kọ́ ránṣẹ́, àwa ni a kì í jẹ́ ẹ. Ẹ fetí sí àwọn iṣẹ́ tó ń rán.

Ìró kan yóò bẹ̀rẹ̀, bí ìgbà tí oyin ń kùn lókèèrè. Bí eré bá ń pọ̀, ìró náà á máa pọ̀. Bí awakọ̀ bá yọ gíà, tí ọkọ̀ ń yí fúnra rẹ̀, ìró náà kò lọ. Ẹ́ńjìnnì kọ́ nìyẹn. Iṣẹ́ mìíràn tó ń rán ni kí ẹsẹ̀ búréèkì rì wọlé ní ìtẹ̀ àkọ́kọ́, kó sì gbé sókè ní ìtẹ̀ kejì. Ọ̀pọ̀ ló ń ra páàdì búréèkì tuntun nítorí èyí, nígbà tó jẹ́ pé họ́ọ̀bù tó ń mì ló ń ti páàdì sẹ́yìn. Òmíràn tún ni kí gíríìsì máa jáde sínú ríìmù, tàbí kí omi dúdú tó ki díẹ̀ máa kán sílẹ̀ láti ẹ̀yìn taya iwájú. Èyí túmọ̀ sí pé síìlì kan ti kú lápá inú, ọ́ìlì dífù ti ń wọlé tú gíríìsì ká.

Kò gba owó láti yẹ̀ ẹ́ wò. Lẹ́yìn ìrìn àjò, kí awakọ̀ fi ẹ̀yìn ọwọ́ súnmọ́ àárín taya iwájú méjèèjì. Bí ọ̀kan bá gbóná ju ìkejì lọ gan-an, ó yẹ kó béèrè ìdí rẹ̀. Kó tún gbé iwájú ọkọ̀ sókè, kó di taya mú lókè àti nísàlẹ̀, kó máa tì í kó máa fà á. Bó bá ń mì, kó ní kí ẹnìkan tẹ búréèkì mọ́lẹ̀, kó tún mì ín. Bí mímì náà bá dáwọ́ dúró, bíárìn họ́ọ̀bù ni. Bí kò bá dáwọ́ dúró, àwọn bíárìn kékeré tó wà lórí àti nísàlẹ̀ orúnkún ọkọ̀, níbi tí taya ti ń yà sọ́tùn-ún sósì, ni kó lọ wò. Àyẹ̀wò yìí nìkan ti gba ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́wọ́ ríra ohun tí kò bàjẹ́.

Kékeré la ti í pẹ̀ka ìrókò. Bíárìn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kùn, owó bíárìn ni yóò gbà. Èyí tí a jẹ́ kó kùn fún oṣù mẹ́ta, yóò gba owó họ́ọ̀bù àti owó ọ̀pá. Èyí tó kọjá ìyẹn, kì í ṣe owó ni yóò gbà mọ́.

BÍ A ṢE Ń ṢÍ I

Ẹ̀yin ọmọ iṣẹ́ tó wà níhìn-ín, ẹ̀yin ni a ń bá sọ báyìí, ṣùgbọ́n kí ẹni tó ni ọkọ̀ náà gbọ́, kó lè mọ ohun tí òun ń sanwó fún.

Ilẹ̀ tó tẹ́jú ni kí ẹ ti ṣiṣẹ́. Ẹ fi òkúta tàbí igi dí taya ẹ̀yìn. Lẹ́yìn tí jáàkì bá ti gbé e sókè, ẹ fi irin ìdúró tàbí igi líle tó nípọn gbé e. Ẹ má fi búlọ́ọ̀kù símẹ́ńtì tó nihò nínú gbé ọkọ̀ tí ẹ fẹ́ wọ abẹ́ rẹ̀; kì í kìlọ̀ kó tó fọ́. Bí ẹ bá yọ ọwọ́ búréèkì kúrò, ẹ fi wáyà so ó kọ́, ẹ má jẹ́ kí rọ́bà rẹ̀ gbé e.

Ẹ yọ ìdérí àárín, àti òrùka irin kékeré tó wà lórí ṣáàfù. Ẹ tú nọ́ọ̀tì mẹ́fà tó yí i ká. Wáṣà onídìí tóóró tó wà lábẹ́ nọ́ọ̀tì wọ̀nyí kì í fẹ́ jáde: ẹ fi ọ̀pá idẹ kàn án díẹ̀, yóò fò jáde. Ẹni tó bá fi ṣísẹ́lì há a, yóò ba ojú irin jẹ́, omi yóò sì rí ọ̀nà wọlé. Lẹ́yìn èyí, ẹ na ahọ́n wáṣà tó tẹ̀ mọ́ nọ́ọ̀tì ńlá, ẹ sì tú nọ́ọ̀tì náà pẹ̀lú sọ́kẹ́ẹ̀tì 54.

Ibí yìí ni a fẹ́ dúró sí díẹ̀. Ọ̀pọ̀ ibùdó mẹkáníìkì ni kò ní sọ́kẹ́ẹ̀tì 54. Òòlù àti ṣísẹ́lì ni wọ́n ń fi lu nọ́ọ̀tì náà yí, òun náà ni wọ́n ń fi dè é padà. Ẹ lọ wo nọ́ọ̀tì inú ọ̀pọ̀ jíìpù ìlú yìí, etí rẹ̀ ti rún bí àgbàdo tí eku jẹ. Ohun tí ìlù òòlù bàjẹ́ ju etí nọ́ọ̀tì lọ. Kò sí ẹni tó lè fi òòlù mọ ìwọ̀n. Ẹni tó ń lu ú ń méfò ni, ẹ̀mí ènìyàn sì wà lórí ìméfò náà.

Bí họ́ọ̀bù bá ń bọ̀, ẹ fi ọwọ́ kan di bíárìn òde mú kó má bọ́ sínú iyanrìn. Ẹ tẹ́ aṣọ mímọ́ sílẹ̀. Ẹ to ti ọ̀tún sọ́tọ̀, ẹ to ti òsì sọ́tọ̀, nítorí bíárìn àti kọ́ọ̀pù rẹ̀ ti mọ ara wọn.

Kẹrosíìnì tàbí dísù ni kí ẹ fi fọ̀ ọ́. Ẹ má lo bẹntiróò. Ẹ̀fin rẹ̀ ń wá iná kiri, ọ̀dọ̀ alágbẹ̀dẹ kò sì jìnnà sí ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì. Ẹ má fi afẹ́fẹ́ ẹ̀rọ yí bíárìn kó máa hu bí ohun ìṣeré. Eré tí kò ní gíríìsì yẹn ń ha á lára, irin inú rẹ̀ sì lè fò jáde lu ojú ènìyàn. Ẹ jẹ́ kó gbẹ, kí ẹ gbé e sí ìmọ́lẹ̀.

Ẹ wá wò ó dáadáa. Bí irin náà bá ń dán láìní àbàwọ́n, ó ṣì lè ṣiṣẹ́. Bó bá ní ihò wẹ́wẹ́ bí ojú ẹni tí ṣànpọ̀nná bá jà, bó bá ní ìlà tí èékánná ń kọ́, bó bá ti di aláwọ̀ búlúù, bó bá dógùn-ún, iṣẹ́ rẹ̀ ti tán. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú kọ́ọ̀pù rẹ̀. Ẹ má fi bíárìn tuntun sínú kọ́ọ̀pù àtijọ́ láé, torí ọgbẹ́ ara kọ́ọ̀pù yóò ran bíárìn. A mọ̀ pé kọ́ọ̀pù kì í fẹ́ jáde, pé ó ń gba agbára. Síbẹ̀, ẹ yọ ọ́.

Bí ẹ bá ń lu kọ́ọ̀pù tuntun wọlé, ọ̀pá idẹ ni kí ẹ lò. Ẹ kàn án níhìn-ín, ẹ kàn án lọ́hùn-ún ní òdì kejì rẹ̀, kó máa wọlé ní déédéé. Bó bá ti jókòó dé ìdí, ìró òòlù yóò yí padà, yóò di ìró líle. Etí ọmọ iṣẹ́ gbọ́dọ̀ mọ ìró yẹn kó tó gba fíríìdọ̀mù.

GÍRÍÌSÌ ÀTI ÌWỌ̀N

Ẹ fọ ọwọ́ yín kí ẹ tó fọwọ́ kan gíríìsì. Ẹ bu gíríìsì sí àtẹ́lẹwọ́, kí ẹ máa fi ẹnu bíárìn tó gbòòrò gbá a, títí gíríìsì yóò fi ti inú rẹ̀ yọ lápá kejì. Ẹ yí i díẹ̀, ẹ tún ṣe bẹ́ẹ̀, kó fi yí ká. Gíríìsì tí a kàn fi pa á lára bí ẹni fi òróró para kò wúlò. Kó wọ inú ló ṣe pàtàkì. Ẹ fi díẹ̀ pa inú họ́ọ̀bù, ẹ má kún un bámúbámú, nítorí gíríìsì tó pọ̀ jù náà ń dá ooru sílẹ̀.

Gíríìsì lítíọ́ọ̀mù nọ́ńbà 2 tí wọ́n ṣe fún bíárìn taya ni kí ẹ rà. Àwọ̀ pupa tàbí búlúù kọ́ ni ẹ̀rí dídára. Ohun tí wọ́n kọ sára agolo ni kí ẹ kà. Ẹ má pò ó mọ́ irú mìíràn, nítorí àwọn gíríìsì kan wà tí wọn kì í bára wọn gbé: wọn yóò yọ́, wọn yóò sì sàn jáde. Agolo tí a ṣí sílẹ̀ nínú ọyẹ́ láti àárọ̀, eruku ti di ara rẹ̀.

Síìlì tuntun ni kí ẹ fi sí i nígbàkígbà tí ẹ bá ṣí i. Síìlì ni ó kéré jù lọ nínú owó gbogbo iṣẹ́ yìí, òun sì ni ẹnu ọ̀nà. Ẹ fi gíríìsì díẹ̀ pa ètè rẹ̀ kó má baà gbẹ ya.

Ó wá kan ìwọ̀n. Fún Land Cruiser 80, bí ìwé iṣẹ́ Toyota ṣe là á sílẹ̀ nìyí. Ẹ kọ́kọ́ de nọ́ọ̀tì inú dé 59 Nm, kí ẹ sì máa yí họ́ọ̀bù sọ́tùn-ún sósì lẹ́ẹ̀mélòó kan, kí bíárìn lè jókòó. Ẹ tún un dẹ̀ títí ọwọ́ lásán yóò fi lè yí i. Ẹ wá dè é padà dé 5.4 Nm péré. Lẹ́yìn èyí, ẹ fi òṣùwọ̀n onìkọ́ kọ́ bóòtì taya kan, ẹ fà á. Agbára tí yóò mú họ́ọ̀bù bẹ̀rẹ̀ sí í yí gbọ́dọ̀ wà láàrin kílò 2.9 sí 5.7. Bí kò tó, ẹ fún un díẹ̀. Bó bá jù, ẹ dẹ̀ ẹ́ díẹ̀. Ẹ fi wáṣà sí i, ẹ de nọ́ọ̀tì òde dé 63 Nm, kí ẹ sì tún fi òṣùwọ̀n fà á lẹ́ẹ̀kejì, nítorí nọ́ọ̀tì òde máa ń ti ti inú díẹ̀. Bí ìwọ̀n bá pé, ẹ tẹ ahọ́n wáṣà kan sínú mọ́ nọ́ọ̀tì kan, ẹ tẹ òmíràn síta mọ́ ìkejì. Ọkọ̀ mìíràn ní ìwọ̀n tirẹ̀. Ìwé tirẹ̀ ni kí ẹ tẹ̀lé.

Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ òṣùwọ̀n yìí? Irú èyí tí àwọn arìnrìn-àjò fi ń kọ́ àpò wọn wọ̀n ni. Ẹ̀yin ni ẹ kọ́ wa pé ọjà kò ṣe é tà láìwọ̀n. Bí kílò ẹran kan kò bá ṣe é fi ojú díwọ̀n, ẹ̀mí ènìyàn márùn-ún nínú ọkọ̀ kò ṣe é fi òòlù díwọ̀n.

Lẹ́yìn iṣẹ́, kí ọkọ̀ rìn díẹ̀, kí a fọwọ́ kan họ́ọ̀bù. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì, kó padà wá kí a gbé e sókè mì wò, pàápàá bó bá jẹ́ bíárìn àti kọ́ọ̀pù tuntun ni.

BÍÁRÌN AYÉDÈRÚ

Ayédèrú bíárìn pọ̀ lọ́jà. Àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá bíi SKF pàápàá ti ń kìlọ̀ fún gbogbo ayé lórí àwọn tó ń tẹ orúkọ wọn sára irin tí kì í ṣe tiwọn. Páálí tó dára kò sọ pé ohun inú rẹ̀ dára. Ẹ mú bíárìn àtijọ́ dání lọ sọ́jà, kí ẹ fi nọ́ńbà tó wà létí rẹ̀ wé ti tuntun. Bí wọ́n bá fi yíǹkì tẹ nọ́ńbà náà tí ọwọ́ ń pa rẹ́, ẹ fi í sílẹ̀. Bí irin inú rẹ̀ kò bá yí ní déédéé, tàbí tí ojú rẹ̀ kò dán, ẹ fi í sílẹ̀. Ẹ rà á lọ́wọ́ ẹni tó ní ṣọ́ọ̀bù, tó lè kọ rìsíìtì. Bí bíárìn tó bá ọkọ̀ wá láti ilé-iṣẹ́ bá ṣì mọ́ tónítóní, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé tuntun ló sàn jù. Ogbó tó lágbára sàn ju ọmọdé aláìsàn lọ.

LÁÀRIN ONÍMỌ́TÒ ÀTI MẸKÁNÍÌKÌ

A fẹ́ sọ òótọ́ láàrin ara wa. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni onímọ́tò máa ń wá ní ọ̀sán ọjọ́ tó ṣáájú ìrìn àjò, tí yóò ní, "Ọ̀gá, ẹ kàn bá mi fi gíríìsì díẹ̀ sí i, ìdájí ni mò ń lọ." Iṣẹ́ họ́ọ̀bù méjì, bí a bá ṣe é bó ṣe yẹ, ọjọ́ kan gbáko ni. Bí onímọ́tò bá yọ owó síìlì kúrò, tó yọ owó kọ́ọ̀pù kúrò, tó sì fún mẹkáníìkì ní wákàtí kan, òun fúnra rẹ̀ ló ra ewu náà. Ṣùgbọ́n mẹkáníìkì tó gbà á bẹ́ẹ̀, tó gba owó, tó nu ọwọ́, òun náà ló tà á. Àwa nínú ẹ̀ka wa ti fohùn ṣọ̀kan: bí àkókò kò bá tó, a ó sọ fún yín pé àkókò kò tó, a kò sì ní ṣí i. Ẹ má bínú sí wa nígbà náà. Ẹni tó kọ̀ fún ọ láti lọ fẹ́ kí o dé.

Nítorí náà, kí olúkúlùkù tó ní irú jíìpù yìí ṣí họ́ọ̀bù rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lọ́dún. Àsìkò tó dára jù ni ìgbà tí òjò bá dá, ní oṣù kẹwàá sí oṣù kọkànlá. Omi tó bá ti wọlé nígbà òjò, a ó lé e jáde, ọkọ̀ yóò sì ti ṣe tán kí ọdún Kérésìmesì tó dé. Bí ọkọ̀ bá rì sínú odò títí omi fi bo àárín taya, kò gbọ́dọ̀ dúró de oṣù kẹwàá; láàrin ọ̀sẹ̀ yẹn ni kó wá.

OHUN TÍ A Ń BẸ ẸGBẸ́ FÚN

Ohun mẹ́ta ni a ń bẹ̀bẹ̀ fún. Èkíní, kí ẹgbẹ́ ra irinṣẹ́ kan ṣoṣo fún àjọlò: sọ́kẹ́ẹ̀tì 54, sípánà tó ń wọn agbára, àti òṣùwọ̀n onìkọ́. Owó rẹ̀ wọ́n fún ọmọ iṣẹ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba fíríìdọ̀mù, ṣùgbọ́n kò wọ́n fún ẹgbẹ́. Kó wà ní ọ́fíìsì ẹgbẹ́, kí mẹkáníìkì tó bá fẹ́ lò ó fọwọ́ sí ìwé, kó sì dá a padà ní ọjọ́ kejì. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.

Èkejì, ọmọ iṣẹ́ tó bá ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọmọ ẹgbẹ́ wa kò gbọ́dọ̀ gba fíríìdọ̀mù láìjẹ́ pé ó tú họ́ọ̀bù kan, tó fọ̀ ọ́, tó sì dè é padà dé ìwọ̀n lójú àgbà iṣẹ́ méjì. Ayẹyẹ dára, orin dára, ṣùgbọ́n ẹni tí a ń ṣe ayẹyẹ fún gbọ́dọ̀ mọ ìdí tí a fi ń ṣe é.

Ẹ̀kẹta, kí ọkọ̀ tí ẹgbẹ́ bá háyà láti gbé wa lọ sí ìsìnkú tàbí ìgbéyàwó nílé, jíìpù ni o, bọ́ọ̀sì ni o, jẹ́ èyí tí a gbé sókè, tí a mì wò, kí ẹnikẹ́ni tó wọ inú rẹ̀. Àwa ẹ̀ka yìí yóò ṣe àyẹ̀wò náà lọ́fẹ̀ẹ́. Ọ̀nà jìn láti ibí dé Ìlọrin, ó jìn dé Ọ̀fà àti Ògbómọ̀ṣọ́. Nínú gbogbo ohun tó lè ṣẹlẹ̀ lójú ọ̀nà yẹn, èyí tó wà ní ìkáwọ́ wa, ẹ jẹ́ kí á má fi í sílẹ̀ fún àdúrà nìkan.

Àwọn bàbá wa tó kọ́kọ́ dé orí òkè yìí nígbà tí iṣẹ́ kùsà ṣì ń lọ lọ́wọ́, ìrìn wọn le ju tiwa lọ, síbẹ̀ wọn kò fi ara wọn sílẹ̀ lójú ọ̀nà. Ohun tí ẹgbẹ́ yìí wà fún náà nìyẹn, kí ẹni tó bá jáde nílé lè padà sílé.

 Ẹni tó bá ní ìbéèrè, kó dìde. Ẹni tí jíìpù rẹ̀ ń kùn, kó má wulẹ̀ dìde béèrè. Kó gbé ọkọ̀ wá ní ọjọ́ Ajé. Ọ̀nà wa á là o. Irin ò ní da wa. Àṣẹ.